Iná Tí Kò Tàn

Àjàní ọkọ mi, jókòó. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Àmàlà rẹ wà nínú kúlà, ebi ò ní pa ọ́ kú kí n tó sọ ohun tó gba oorun lójú mi lánàá.

Nígbà tí o gbé Land Rover yẹn wọlé, inú mi dùn dé ọrùn. Series III, irú èyí tí wọ́n ṣe láti 1971 sí 1985, ẹ́ńjìnnì dísù. Ìbàdàn wa níbí ni ilé iṣẹ́ Leyland ti ń tò wọ́n pọ̀ nígbà kan, irú rẹ̀ náà sì ni bàbá yín ń gbé lọ gbẹ́ kànga fún àwọn ará Òkè-Ògùn. Bí mo ṣe gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó dà bíi pé àwọn ló dé. Àfi bí o ṣe fọwọ́ pa dáṣíbọọ̀dù, tí o ní, "Màmá, ẹ wò ó, iná ìkìlọ̀ kan ò tàn níbẹ̀. Ara rẹ̀ le." Ta ló kọ́ ọ nírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí o wọ balùwẹ̀, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo lọ jókòó sídìí ọkọ̀ náà. Mo yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná ti ń wọlé, mi ò ṣíná ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀ yẹn, ó yẹ kí iná ọ́ìlì àti iná bátìrì tàn rekete. Ẹ́ńjìnnì ò tíì yí, ọ́ìlì ò tíì gun òkè, ọ́tánétọ̀ ò tíì ṣe nǹkan kan. Kí ló máa pa wọ́n? Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn ni wọ́n ń kú, kó tó pẹ́ rárá. Tìrẹ ńkọ́? Òkùnkùn. Mo yí i padà, mo tún un yí. Òkùnkùn biribiri.

Ẹnì kan ti yọ gílóòbù kúrò níbẹ̀ kó tó tà á fún ọ, ìwọ sì ń yọ̀. Àjàní! O ti ra bátìrì méjì láti ọdún Àjíǹde. Láràárọ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò ń bá ọ ti ọkọ̀ yìí gun òkè, o wá ní bátìrì ayé ìsinsìnyí ò lálòpẹ́ mọ́. Bátìrì ò ṣẹ̀ ọ́. Nínú ọkọ̀ rẹ yìí, iná díẹ̀ tó ń jí ọ́tánétọ̀ lójú oorun, inú gílóòbù kékeré iná bátìrì yẹn ló ń gbà kọjá. 2.2 wáàtì péré ni. Bí o bá yọ ọ́, ọ́tánétọ̀ á máa yí lásán, kò ní fún bátìrì ní nǹkan kan, àfi bóyá tí o bá tẹ tọ́tùù mọ́lẹ̀ gidigidi. Owó bátìrì méjì, nítorí gílóòbù tí kò tó owó búrẹ́dì! Má sì jẹ́ kí rẹ́wáyà kankan fi LED rọ́pò rẹ̀ o. Iná tó ń gba inú LED kọjá ti kéré jù, kò lè jí i.

Ti bátìrì ṣì kéré. Ti ọ́ìlì ló mú ara mi gbọ̀n.

Wọn ò tíì bí ọ nígbà tí èmi àti bàbá yín ń bọ̀ láti Ṣakí, lóṣù Agẹmọ, tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Iná ọ́ìlì tàn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró." Wọ́n ní ó ku kìlómítà mẹ́rin ká wọ ìlú, pé ọ́ìlì wà nínú ẹ́ńjìnnì, àwọn fúnra wọn ló yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Ọ́ìlì sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná yẹn ò bìkítà bóyá ọ́ìlì pọ̀. Agbára tí ọ́ìlì fi ń rìn káàkiri inú irin ló ń ṣọ́. Pọ́ǹpù lè kú nígbà tí ọ́ìlì kún dé ẹnu. A ò tíì rin kìlómítà méjì tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí kan gọ̀, gọ̀, gọ̀, ó sì dákẹ́. Ó ti nọ́ọ̀kì. Inú ọkọ̀ la sùn mọ́jú, èmi pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún. Owó kànga mẹ́ta ló bá ẹ́ńjìnnì yẹn lọ. Bàbá yín ò bá iná jiyàn mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Nítorí náà, bí iná ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Jẹ́ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, fa ọ̀pá rẹ̀ yọ, nù ún, tún un kì bọ̀ ọ́, kí o tún fà á yọ wò. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, bu òmíràn sí i. Bó bá pé tẹ́lẹ̀, tàbí o bu ún tán tí iná ò sì kú nígbà tí o ṣíná, pa á, má tún ṣíná mọ́, pe ẹni tí yóò wá fà ọ́. Bí iná náà bá kàn ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tí ọkọ̀ sì dúró, ọ́ìlì ti ṣàn jù tàbí bẹ́ríìn ti jẹ. Má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn parí kí o tó rí mẹkáníìkì.

Àwọn yòókù ò le. Iná búlúù, fìtílà gíga lo tàn sójú ẹni tó ń bọ̀. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí iná bíréèkì bá tàn, tí o sì ti sọ hándíbíréèkì kalẹ̀, má lọ ibì kankan, ó lè jẹ́ bíréèkì ọ́ìlì ló ń jò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń ka ooru yẹn, má gbára lé e tán. Bí omi bá ti gbẹ, ohun tó ń wọn ooru ò sí nínú omi mọ́, irọ́ ló máa pa fún ọ. Ojú rẹ ni kí o fi wo omi rédíétọ̀ láàárọ̀, nígbà tó ṣì tutù. Ṣé o ń gbọ́ mi?

Mo ti tú àpótí irinṣẹ́ bàbá yín lóru. Gílóòbù méjì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n fi òwú wé wọn. Lọ fọwọ́, jẹun kó má tutù. Lẹ́yìn náà, ìwọ tú dáṣíbọọ̀dù, fi wọ́n síbẹ̀, kí o wá yọ wáyà kúrò lórí súwíìṣì ọ́ìlì, kí o fi kan ara ẹ́ńjìnnì, ká mọ̀ bóyá wáyà náà dáa. Èmi ni màá jókòó síwájú, màá sì yí kọ́kọ́rọ́.