Bí Ímeèlì Mọ́mì Ṣe Ń Pa Ara Rẹ̀ Dé

Àǹtí tó ń kọ́ kíláàsì wa ní kí kálukú kọ nípa ohun kan tó bàjẹ́ nílé wọn àti bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Ẹnì kan fẹ́ kọ nípa kẹ̀kẹ́, ẹnì kan fẹ́ kọ nípa ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èmi fẹ́ kọ nípa ímeèlì Mọ́mì mi.

Mọ́mì ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó wà lórí tábìlì ní pálọ̀ wa, nítòsí Rye Lane. Wọn kì í fẹ́ fi fóònù ka lẹ́tà. Wọ́n ní ohun téèyàn bá fẹ́ kà dáadáa, ṣe ló yẹ kó jókòó kà á. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó ń gba ímeèlì wọlé, tó sì ń tò ó jọ. Lóṣù Kejì ọdún yìí, ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wàhálà. Bí Mọ́mì bá ṣí i, á ṣí, á fi àwọn lẹ́tà hàn, á ní òun ń gba tuntun wọlé. Kò ní tó ìṣẹ́jú méjì, á kàn pa ara rẹ̀ dé. Kò ní sọ nǹkan kan. Bí a bá tún un ṣí, ohun kan náà ni.

Mọ́mì gbé e lọ bá bọ̀ọ̀dá kan tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Bọ̀ọ̀dá náà ò tiẹ̀ wò ó pẹ́. Wọ́n ní ká san £60, àwọn á nu gbogbo inú ẹ̀ kúrò, àwọn á sì fi ètò tuntun sí i. Mọ́mì ní, "Àwọn lẹ́tà mi ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ẹ má dààmú, Ma. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ímeèlì máa ń wà. Gbogbo ẹ̀ á padà wá." Mọ́mì ti ń wá owó nínú báàgì wọn. Èmi ni mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e padà sílé ná."

Lẹ́tà Bàbá àgbà ni mò ń rò. Bàbá tó bí Mọ́mì jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì n'Ìbàdàn. Láti 2008 títí di 2017 tí wọ́n papò dà, wọ́n máa ń lọ sí káfẹ́ kan ní Mọ́kọ́lá láti kọ ímeèlì sí Mọ́mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Sátidé. Mọ́mì ò tẹ ìkankan nínú ẹ̀ sórí bébà rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí lẹ́tà ń gbé, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà méjì ni irú ètò báyìí sábà máa ń gbà mú ímeèlì wọlé. Ọ̀kan ń jẹ́ POP, ó ti wà láti 1984. Èkejì ń jẹ́ IMAP, tí Mark Crispin ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1986. Bàbá àgbà ní àpótí lẹ́tà ní pósọ́fíìsì Dùgbẹ̀. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, wọ́n á kó gbogbo lẹ́tà sínú báàgì, wọ́n á gbé e relé, àpótí á sì ṣófo. POP nìyẹn. Bí nǹkan bá ṣe ilé, lẹ́tà ti lọ. IMAP dà bí ẹni tó ka lẹ́tà ẹ̀ ní pósọ́fíìsì, tó dá a padà sínú àpótí, tó wá mú ẹ̀dà relé. Lóòótọ́, a lè sọ fún POP pé kó fi ẹ̀dà sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá Mọ́mì ṣètò tiwọn nígbà náà ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Mo fi fóònù wọ inú àkáǹtì Mọ́mì. Lẹ́tà mẹ́rìnlá péré ló wà lọ́hùn-ún, gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ ti oṣù Kejì. Ti Bàbá àgbà ò sí níbẹ̀ rárá. Inú kọ̀ǹpútà tí bọ̀ọ̀dá yẹn fẹ́ nù yẹn nìkan ni wọ́n wà ní gbogbo ayé. Mo fi han Mọ́mì. Wọ́n jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ohun tí a kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ̀dà la kọ́kọ́ ṣe. Bí ètò ímeèlì yín bá ń pa ara rẹ̀ dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó mọ ibi tí lẹ́tà yín wà. Ètò lọ́tọ̀, lẹ́tà lọ́tọ̀. Ètò ni kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́tà ni aṣọ inú ẹ̀. Ní Thunderbird, fódà tó ń kó gbogbo lẹ́tà àti àdírẹ́sì sí ń jẹ́ profile. Ní Outlook, fún àkáǹtì POP, fáìlì kan tí orúkọ ẹ̀ parí sí .pst ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ pa ètò náà dé pátápátá kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà.

Mọ́mì ra fláàṣì 32GB. Mo gbìyànjú láti kó fódà náà sínú ẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ̀, ó ní fáìlì kan tóbi jù. Fláàṣì tó ṣófo o! Mọ́mì pariwo, "Wọ́n ti ta gbàrọ́gùdù fún mi!" Ṣùgbọ́n fláàṣì ò bàjẹ́. Wọ́n ti tò ó lọ́nà kan tó ń jẹ́ FAT32, èyí tí kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ti tó 4GB, bó ti wù kí àyè pọ̀ tó. Ó dà bí ilé tó ní yàrá ogún àmọ́ tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ há: ẹ lè kó ọgọ́rùn-ún àga wọlé, bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ò ní gba ibẹ̀ kọjá. Ínbọ́ọ̀sì Mọ́mì sì jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo, 5.6GB. Mo tún fláàṣì náà tò sí exFAT (èyí máa ń nu gbogbo ohun tó bá wà lórí fláàṣì, ẹ ṣọ́ra), ó wá gbà á. Ó gba ìṣẹ́jú 25. Mọ́mì ò kúrò níbẹ̀ títí ó fi parí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn wa balẹ̀. Mo lọ sí Peckham Library, ilé tó dà bí lẹ́tà L tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, tó gba ẹ̀bùn Stirling ní 2000. Mo lo kọ̀ǹpútà wọn láti ka bí wọ́n ṣe ń wá ìdí irú nǹkan báyìí. Ohun tí mo kọ́ jù ni pé nǹkan kan ṣoṣo ni kéèyàn yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yí mẹ́ta padà tí ara ẹ̀ sì yá, ẹ ò ní mọ oògùn tó ṣiṣẹ́.

A kọ́kọ́ ṣí i láìsí àfikún. Àfikún ni àwọn nǹkan kéékèèké tí èèyàn so mọ́ ètò lẹ́yìn, wọ́n sì máa ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Ní Thunderbird lórí Windows, ẹ di bọ́tìnì Shift mú bí ẹ ṣe ń ṣí i. Ní Outlook, Ctrl ni. Ti Mọ́mì ṣì ń pa ara rẹ̀ dé. A jẹ́ pé kì í ṣe àfikún.

Mo wá yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kúrò, mo sì tún un ṣí. Ó dúró! Mọ́mì tẹ ẹ̀bà, a jẹ ẹ́ tán, ó ṣì dúró. Inú mi dùn gan-an, torí ó túmọ̀ sí pé àwọn lẹ́tà tó ti wà nínú ilé ò bàjẹ́. Lẹ́tà tó ń bọ̀ ló ń fa ìjà. (Ká ní ó ṣì ń kú láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ni, fáìlì lẹ́tà ni à bá yẹ̀ wò. Outlook ní ScanPST fún èyí, Thunderbird sì ní Repair Folder. Ẹ ṣáà ti ní ẹ̀dà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.)

Mo padà sí fóònù, mo yẹ lẹ́tà mẹ́rìnlá yẹn wò. Mọ́kànlá nínú ẹ̀ ló wá láti ọ̀dọ̀ Àǹtí mi ní Èkó: fọ́tò aṣọ ẹbí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ bí 20MB. Mo wá wo àyè tó kù nínú kọ̀ǹpútà. 9MB! Ẹyọ lẹ́tà kan ò lè rọra wọlé síbẹ̀. Ètò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́tò, àyè á tán, á kú. Ohun tó wá jẹ́ kó máa ṣe é lemọ́lemọ́ ni pé POP kì í pa lẹ́tà rẹ́ lọ́hùn-ún àfi tó bá ti dágbére pé òun ti ṣetán. Ètò yìí ń kú kó tó dágbére. Torí náà, gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i, orí fọ́tò àkọ́kọ́ ló tún ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ti wọlé nígbà mẹ́rin, àyè sì ń dín kù sí i.

Mọ́mì ní, "Ṣebí mo máa ń pa lẹ́tà tí mi ò fẹ́ rẹ́?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé gbèsè ìyá alátẹ. Bí ẹnì kan bá san owó, wọ́n á fa ìlà lé orúkọ ẹ̀. Orúkọ ò kúrò nínú ìwé, ìwé ò sì fẹ́lẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ínbọ́ọ̀sì yẹn rí. Kí ó tó lè fúyẹ́, a ní láti da àwọn orúkọ tó kù kọ sínú ìwé tuntun, ká wá ju ti àtijọ́ nù. Bọ́tìnì tó ń ṣe é ń jẹ́ Compact. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé àyè gbọ́dọ̀ wà fún ìwé méjèèjì kí iṣẹ́ náà tó parí. Mo kọ́kọ́ kó fídíò àríyá wa, 12GB, sórí fláàṣì míì. Mo wá tẹ Compact. 5.6GB di 1.3GB. Mo ti wáyà padà. Gbogbo mẹ́rìnlá wọlé, ètò náà ò mì.

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà Bàbá àgbà. 312 ni. Nínú ti àkọ́kọ́, "Ọmọ mi ọ̀wọ́n" hàn báyìí: "?m? mi ??w??n". Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òfin ímeèlì ti 1982 mọ̀. Láti 1992 ni òfin MIME ti ṣílẹ̀kùn fún èdè yòókù, ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà méjì ò bá fẹnu kò, àmì ìbéèrè ni wọ́n á fi rọ́pò ohun tí wọn ò mọ̀. Kódà lónìí, nínú Unicode, ọ ní àyè tirẹ̀, ọ́ ò ní. A ní láti kọ ọ, ká wá gbé àmì lé e lórí. Ẹ rí i pé ọ̀wọ́n pàdánù ju ọmọ lọ.

Bàbá àgbà bá pa àmì tì. Tíṣà Yorùbá! Ṣùgbọ́n ní 2011 tí wọ́n bí mi, wọ́n kọ ọ́ sí Mọ́mì pé kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ba orúkọ ọmọ náà jẹ́. Wọ́n kọ "Titilayo", wọ́n wá kọ sísàlẹ̀ ẹ̀: mi mi re do. Mọ́mì kọ ọ́ lórin fún mi níwájú kọ̀ǹpútà.

Mo ti yí àkáǹtì náà sí IMAP. Ẹ̀dà lẹ́tà Bàbá wà lórí fláàṣì méjì, ọ̀kan nílé wa, ọ̀kan lọ́dọ̀ Àǹtí mi ní Camberwell. Ní ti aṣọ ẹbí, nígbà tí Mọ́mì fi máa rí fọ́tò, léèsì aláwọ̀ osùn tí wọ́n fẹ́ ti tán. Àǹtí Èkó ṣì ń bínú pé láti oṣù Kejì ni àwọn ti ń kọ̀wé, ẹnikẹ́ni ò dáhùn.