Akọ̀wé, Òǹkọ̀wé, àti Àwọn Mìíràn tí Ń Fi Kálámù Ṣiṣẹ́

Akọpẹ kì í ṣe adẹ́mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ọ̀pẹ kan náà ni àwọn méjèèjì ń gùn. Ẹni tí ó bá gbé akèrègbè lọ bá akọpẹ yóò padà sílé lófo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí láàrin àwọn tí ń fi kálámù ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wọn jọra lójú, ṣùgbọ́n ohun tí a lè bèèrè lọ́wọ́ ọ̀kan kò ṣeé bèèrè lọ́wọ́ èkejì, nítorí náà ni orúkọ wọn fi yàtọ̀.

Orúkọ tí ó mọ́ ènìyàn lẹ́nu jù lọ ni akọ̀wé. Akọ̀wé ìjọ ni í máa kọ orúkọ àwọn tí a ṣe ìrìbọmi fún sínú ìwé; akọ̀wé ilé ẹjọ́ a sì máa kọ ohun tí ẹlẹ́rìí wí. Ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá purọ́, a kò lè dá akọ̀wé lẹ́bi, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ọ́. Òǹkọ̀wé, ní tirẹ̀, ni ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ inú ìwé, tí ó rò ó, tí ó sì tò ó. Òun ni yóò dáhùn bí a bá bèèrè ìdí rẹ̀. Láti ara ‘kọ ìwé’ ni orúkọ méjèèjì ti jáde, nítorí náà ni àwọn kan fi ń pè wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Kí òǹkàwé ṣí Bíbélì rẹ̀ sí Episteli Paulu sí àwọn ará Romu. Paulu ni ó ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀, òun sì ni òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ní orí 16, ẹsẹ 22, ẹlòmíràn yọ lójijì, ó sì kí àwọn ará ní orúkọ ara rẹ̀. Tertiu ni, ẹni tí ó di kálámù mú nígbà tí Paulu ń sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ni òun. Ní ọdún 1850 ni Episteli yìí kan náà jáde ní èdè Yorùbá láti ọwọ́ Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ògbufọ̀ ni òun níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kún ti Paulu, kò sì gbọdọ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀. Síbẹ̀ òun ni ó ni láti wá ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ àti ọlọ́jà yóò gbọ́. Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ yìí rọrùn, kí ó gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ kan péré.

Ti akéwì yàtọ̀, nítorí pé kíké ni a ń ké ewì kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Oníjàálá àti asunrárà kò nílò kálámù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé rárá, ọ̀rọ̀ wọn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fúyẹ́. Nígbà tí D. A. Ọbasá, olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Ìbàdàn, tẹ ewì jáde ní 1927, ó pe ìwé náà ní ìwé kìíní ti àwọn akéwì. Àwọn akéwì ni ó wí, kì í ṣe akéwì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pọ̀ nínú ìwé náà, ó sì fi tirẹ̀ kún un. Orúkọ tí ó fún un kò gba iṣẹ́ àwọn àgbà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibi tí a ti ń ṣìnà jù lọ ni àárín òpìtàn àti òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ. Àwọn olùfọkànsìn kan a máa sá fún ìwé àròsọ, nítorí pé lẹ́nu ojoojúmọ́ àròsọ àti irọ́ kò jìnnà sí ara wọn. Ṣùgbọ́n rírò wà nínú àròsọ. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ìlú tí bàbá ọmọ onínàákúnàá ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni òwe náà kò sì di irọ́. Òótọ́ ni pé àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí a máa fi ara pamọ́. Láàrin 1929 àti 1930, lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ó wà lórí àìsàn, ó sì ń jẹ́wọ́ ìwà èwe rẹ̀. Sẹ̀gilọlá kò sí láyé rí. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó ń kọ ọ́. D. O. Fágúnwà náà, nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní 1938, fi ẹni tí ń sọ ìtàn hàn bí akọ̀wé lásán, tí ọdẹ kan wá bá kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Akọ̀wé yẹn pàápàá, àròsọ ni.

Òpìtàn kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Dandan ni kí ó sọ ẹnu ẹni tí ó ti gbọ́ ọ. Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, fetí sí àwọn arọ́kin, àwọn tí ń fi orí pa ìtàn mọ́ ní ààfin, ó sì dárúkọ àwọn àgbà tí ó sọ fún un, Lágunjú Tìmì Ẹdẹ sì wà lára wọn. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ ìtàn Yorùbá náà, ó sì parí rẹ̀ ní 1897. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó sì sọnù níbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú kàn án ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àjákù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Òun náà kú ní 1920, ìwé náà sì jáde ní 1921. Bí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a tẹ̀ tilẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá, orúkọ Samuel ni a fi sí ipò òǹkọ̀wé lójú ewé àkọ́kọ́. Olóòtú ni a pe Obadiah.