Ẹ́ńjìnnì tí Ó Ń Kọsẹ̀

Ní Ìlọrà, ní ẹ̀bá ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn gba Fìdítì kọjá lọ sí Ọ̀yọ́, ni ọ̀gá mẹkáníìkì kan ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Orí Peugeot 504, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, ni ó ti kọ́ṣẹ́. Láyé ìgbà náà, etí àti imú ni mẹkáníìkì fi ń mọ àrùn ọkọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Fìdítì kan wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, ó sì ní tọ́bò.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. “Bí mo bá ń rọra wa ọkọ̀ yìí, kò sí ohun tí ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọ̀nà ti gòkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ bí arúgbó tí ó ru igi. Wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Ìbàdàn, wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì, wọ́n sì tún pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ń fa pẹtiróòlù. Owó ọsàn tí ìyá mi fi dá àjọ ni mo fi kún owó tí mo fi rà á. Ẹnì kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti wá rà á lọ́wọ́ mi, iye tí ó sì fẹ́ san kò tó ìdajì. Bí ọkọ̀ náà kò bá dá ṣáṣá kí ọjọ́ náà tó pé, màá tà á.”

Bàbá wo inú ẹ́ńjìnnì náà títí. “Ta ni ó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sorí kọ́. Ó ní òun fún ẹnì kan lówó kí ó tún un tò, kí tọ́bò lè máa ti afẹ́fẹ́ ju bí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ti fi lélẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí tọ́bò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéni. Afẹ́fẹ́ àti pẹtiróòlù ni oúnjẹ ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 1905, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alfred Büchi gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n kan: kí a fi èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù yí àgbá kékeré kan, kí àgbá náà sì máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọdún 1962 ni àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ní irú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àgbá yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Agbára ọkọ̀ a pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ṣe fún pọ̀ tó nínú sìlíńdà, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ṣòro tó fún iná mànàmáná láti fò kọjá àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Bí iná náà kò bá fò, pẹtiróòlù kò ní jó. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní mísfáyà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbiná ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Pẹtiróòlù tí kò jó nínú sìlíńdà a sì máa lọ jó nínú páìpù èéfín, a sì ba ohun iyebíye jẹ́ níbẹ̀.

Bàbá ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò kékeré kan bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ihò yìí di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kọ P0303, èyíinì ni pé sìlíńdà kẹta ni kò gbiná bí ó ti yẹ.

“Ọ̀gá, ṣé kí n lọ ra kọ́ìlì kan wá?” ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bi í.

“Owó ta ni o fẹ́ fi rà á? Ibi tí ó ń dun aláìsàn ni ẹ̀rọ yìí sọ. Kò sọ orúkọ àrùn.”

Ó ní kí ọmọ náà gbé kọ́ìlì kẹta sí ipò èkínní, kí ó sì gbé ti èkínní sí ipò ẹ̀kẹta. Bí kọ́ìlì bá ni ó lẹ́bi, ẹ̀bi náà yóò bá a lọ sí ipò rẹ̀ tuntun. Wọ́n wa ọkọ̀ náà jáde, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó kọsẹ̀. Sìlíńdà kẹta ni síbẹ̀síbẹ̀. Ní Ọjọ́rú, wọ́n ṣe púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta náà ni. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ń fọ́n pẹtiróòlù bẹ́ẹ̀, kò yí padà. Wọ́n wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n bá ara wọn dọ́gba. Bàbá tilẹ̀ yẹ àwọn páìpù afẹ́fẹ́ wò, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí páìpù bá ń jò, sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ì bá jìyà rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

Nígbà náà ni ó dín àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì kù, láti mìlímítà 0.8 sí 0.6. Ọkọ̀ náà sàn díẹ̀: kò kọsẹ̀ ní 3,000 mọ́, ó di 4,000 kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀dọ́mọkùnrin náà dùn, ó ní kí Bàbá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá kọ̀. Àlàfo tí ó kéré kò nílò iná púpọ̀ kí iná tó fò kọjá. Bí ó bá jẹ́ pẹtiróòlù ni kò tó, dídín àlàfo kù kò ní ṣe é ní ohunkóhun. Iná ni ó rọ nígbà náà. Kọ́ìlì dára, púlọ́ọ̀gì dára. Kí ni ó tún kù tí ó jẹ́ ti ẹ̀kẹta nìkan, tí wọn kò tíì ṣí nípò?

“Wáyà!” ni ọmọ iṣẹ́ náà wí.

Wọ́n ti fọwọ́ tẹ wáyà náà wò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tutù nígbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n wa ọkọ̀ dé Fìdítì, wọ́n sì padà. Ẹ́ńjìnnì gbóná janjan. Bàbá jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́, ó sì ń rọra tẹ wáyà kọ́ìlì wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkínní, kò sí nǹkan. Èkejì, kò sí nǹkan. Bí ó ti tẹ ẹ̀kẹta, gbogbo ẹ́ńjìnnì gbọ̀n rìrì.

Wọ́n bó téèpù ara rẹ̀. Ooru tọ́bò ti yan èèpo wáyà náà títí ó fi ń já dànù bí èèpo ẹ̀pà. Nínú okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀, díẹ̀ ni kò já, ìwọ̀nyí pàápàá sì ti ń dípẹtà. Iná tí ó ń gba ara okùn díẹ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ kọ́ìlì tó bí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́. Nígbà tí tọ́bò bá ti afẹ́fẹ́ wọlé gidigidi, kò tó mọ́. Kọ́ìlì tuntun wo ni ì bá wo irú àrùn bẹ́ẹ̀ sàn?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá ní kí ọmọ iṣẹ́ gé wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò.

“Ọ̀gá, mẹ́ta yòókù kò ṣe nǹkan kan.”

“Inú ooru kan náà ni wọ́n jọ ń gbé.”

Wọ́n fi òjé jó wáyà tuntun mọ́ ọn, wọ́n fi ohun tí ooru kì í tètè ràn bò ó, Bàbá sì kìlọ̀ pé kí wọ́n dá kọ̀ǹpútà padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wa ọkọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà Fìdítì, ó tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọ̀nà ti gòkè. Ó kọjá 3,000, ó kọjá 4,000, ó dé 5,000, kò kọsẹ̀.

Ọ̀sán pọ́n kí ẹni tí ó ń bọ̀ láti Ìbàdàn tó dé, tòun ti owó nínú ọ̀rá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí i dáadáa, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó má bínú, ó sì di ọsàn apẹ̀rẹ̀ kan fún un. Ọsàn náà ni ó gbé padà.