Àyípo Iṣẹ́ tí Kì í Parí

Ní ọdún 1950, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà ilẹ̀ Jàpáánì pe ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, W. Edwards Deming, láti wá kọ́ wọn bí ọjà tí wọ́n ń ṣe yóò ṣe máa dára sí i. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ lórí iṣẹ́ Walter Shewhart, ẹni tí ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1939 pé àwọn ìpele iṣẹ́ kò gbọdọ̀ tò lọ gbọọrọ kí wọ́n sì dópin, bí kò ṣe kí wọ́n máa yí po. Nínú ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn ará Jàpáánì ti yọ àyípo onípele mẹ́rin: ṣètò, ṣe é, yẹ̀ ẹ́ wò, tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Bí àwọn ọmọ kò bá yege tó, a ó kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó fà á, a ó sì pinnu ọ̀nà àtúnṣe kan. A ó dán an wò ní kíláàsì kan ṣoṣo fún táàmù kan. Lẹ́yìn náà, a ó fi èsì rẹ̀ wé ti àtẹ̀yìnwá. Bí ó bá dára, kí ó di ìlànà fún gbogbo kíláàsì; bí kò bá dára, kí a yí ọ̀nà padà. Níbẹ̀ ni ètò mìíràn yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpele kẹta ni a sábà máa ń fò. Deming fúnra rẹ̀ padà fẹ́ràn láti pè é ní ìpele ìkẹ́kọ̀ọ́ dípò àyẹ̀wò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí wíwá ẹni tí a ó dá lẹ́bi kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Jẹ́tírò kọ́kọ́ wo bí Mósè ti ń ṣe ìdájọ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sì béèrè ìdí, kí ó tó gbà á nímọ̀ràn.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi, àsìkò àjọ̀dún ni àsìkò ètò. A ó gbẹ́ kànga dẹ̀rọ, a ó ra kọ̀ǹpútà, a ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò padà wá lẹ́yìn ọdún kan láti wò bóyá omi ṣì ń yọ, bóyá ọwọ́ àwọn ọmọ ń kan kọ̀ǹpútà náà? Mo rọ̀ wá kí a máa dá ọjọ́ àyẹ̀wò lọ́jọ́ gan-an tí a bá ń fi iṣẹ́ lélẹ̀, kí a sì yan ẹni tí yóò jábọ̀. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti ṣe é. Àmín.