Ògiri Tuntun Tó Ń Rin: Ẹ Wá Orísun Omi Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀dà



Ní àkókò òjò báyìí, ọ̀pọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ilé wọn ní Ọ̀ffà ń rí àbàwọ́n omi lára ògiri. Ẹlòmíràn a sì sáré kun ọ̀dà bò ó. Ọ̀dà kì í wo ọ̀rinrin sàn, ńṣe ló máa ń bó. Ọ̀nà mẹ́rin ni omi náà lè gbà wọlé:

1. Omi inú sìmẹ́ǹtì: Ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ nílò omi fún bí ọjọ́ 7 kó lè le, lẹ́yìn náà ni yóò máa gbẹ. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán kí ẹ tó kùn ún. Nígbà òjò, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iyọ̀ funfun bá yọ bí ẹfun, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n, kì í ṣe omi.

2. Omi ilẹ̀: Èyí máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ògiri, kì í sì í lọ. Ó lè jẹ́ pé bíríkìlà kò tẹ́ ọ̀rá sí ìpìlẹ̀, tàbí pé ẹsẹ̀ ògiri gan-an ni a ti ń ṣe àlùwàlá lójoojúmọ́. Ẹ sún ibi àlùwàlá kúrò, kí ẹ sì la ọ̀nà fún omi. Bí ó bá jẹ́ omi ṣọ́káwéè ló ń là wọlé, nájísì ni. A kò gbọdọ̀ kírun níbẹ̀ títí a ó fi tún un ṣe.

3. Omi òkè: Páànù tàbí páìpù tó ń jò.

4. Oruku omi inú yàrá: Láti ara oúnjẹ tí a ń sè tàbí aṣọ tí a ń sá sínú ilé.

Láti dá wọn mọ̀, ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ibi tó rin, kí ẹ fi téèpù dí etí rẹ̀ yí ká. Lọ́jọ́ kejì, bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ló ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ iwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yàrá ni. Ẹ máa ṣí fèrèsé.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ibi tó bá rin pẹ́ ni nǹkan dúdú ti ń hù, bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ó máa ń dá ikọ́ sílẹ̀, ó sì máa ń ru ikọ́ fée sókè. Ní oṣù December 2020, Awaab Ishak, ọmọ ọdún 2 tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Sudan, kú ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ń gbé. Ikú rẹ̀ ló fa òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ń wúkọ́ léraléra, kí ẹ tó tún ra oògùn ikọ́, ẹ wo ògiri ibi tó ń sùn, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ nǹkan dúdú náà, ẹ bo imú àti ẹnu, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ lo omi ọṣẹ. Bí ẹ bá lo hypo, ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì ìfọlé-ìyàgbẹ́ láéláé: èéfín rẹ̀ lè pani.

Mímọ́ ara, aṣọ àti ibi ìkírun jẹ́ májẹ̀mú ìrun. Ògiri ilé náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí àwọn ará ilé wa. Àmín.