ÀTẸ̀JÁDE ÌWÁDÌÍ NÍPA SÁTẸ́LÁÌTÌ: ÈDÈ WO NI ARÁ AJÉGÚNLẸ̀ YÓÒ FI KÀ Á?

Títẹ ìwádìí ìmọ̀-ẹ̀rọ òfurufú jáde kì í ṣe ohun àná. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1866, ti ní jọ́nà láti 1897. AIAA Journal ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti fi Landsat 1 ránṣẹ́ sókè lọ́dún 1972 ni ẹ̀ka mìíràn ti ń gbilẹ̀, ìyẹn ìwádìí tí wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì ṣe nípa ilẹ̀ àti omi. Ẹ̀ka yìí ló súnmọ́ Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ jù.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003 ni NigeriaSat-1 gòkè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ẹyọ kan nínú àwòrán rẹ̀ dúró fún ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 32 ní òró àti ní ìbú. Ọkọ̀ ojú omi gbọọrọ tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá lè hàn nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ti Ajégúnlẹ̀ yàtọ̀: ilé fara ti ilé, páànù kan páànù, gọ́tà gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù kọjá, gbogbo rẹ̀ yóò dà pọ̀ di àwọ̀ kan. Olùwádìí lè sọ pé ilé kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tọ́ka sí ilé tí àgbàrá yóò wọ̀. NigeriaSat-2, tí ó gòkè ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, lè ya àwòrán dúdú-òun-funfun tí ẹyọ rẹ̀ jẹ́ mítà 2.5. Ìbéèrè ìwádìí lè wá kúrò ní ti ìlú, kí ó di ti òpópónà. Irinṣẹ́ a máa darí ìbéèrè ju bí àwọn olùwádìí ti ń jẹ́wọ́ lọ.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jọ́nà òkèèrè ń ta pépà fún òǹkàwé. Àwọn mìíràn ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n a sì gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, èyí tí ó wúwo fún olùkọ́ tí ń gba owó oṣù ní náírà. Ẹni tí ó gbé tìmùtìmù lé orí tábìlì nígbà tí òjò dé kò sí nínú ìdúnàádúrà méjèèjì.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka Yorùbá. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí ó jáde ní 1984 àti 1990, pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kò dé òfurufú. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970 ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá orúkọ mìíràn fún sátẹ́láìtì. Ọjà ti gbà á. Ọ̀rọ̀ bí “ẹyọ-àwòrán” àti “wíwo-ilẹ̀-lókèèrè” ni iṣẹ́ kù sí, kí olùwádìí lè fi ojú-ewé kan ní Yorùbá parí pépà rẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí Ijaw, Urhobo àti Ìgbò ti ń bá Yorùbá gbé, ojú-ewé kejì ní Pijin yóò tún pọn dandan.