Géèmù Ń Fà? Ẹ Dín Iná Káàdì Yín Kù

Díẹ̀ ló kù kí n fi owó àjọ mi ra káàdì tuntun. RTX 3060 mi á gbóná dé 83°C, á dẹwọ́ eré fúnra rẹ̀, géèmù á wá máa dúró, á tún máa sáré.

Wáàtì 170 ni ìwọ̀n iná rẹ̀. Nínú MSI Afterburner, mo fa Power Limit wá sí 80%, ìyẹn wáàtì 136. Ṣé eré náà á dín tó bẹ́ẹ̀ ni? Rárá o! Fọ́ltéèjì ló ń jẹ iná jù: bó bá di ìlọ́po méjì, iná á di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá wálẹ̀ díẹ̀, iná á dín gan-an, eré ò ní fi bẹ́ẹ̀ dín.

Ẹ máa fi 5% 5% dín in, kẹ́ ẹ ṣeré fún ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ wo ìgbóná. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ Reset. Ju 100% lọ ńkọ́? Èmi ò débẹ̀ o, ooru ló máa fi kún.

Tèmi ò kọjá 72°C mọ́. Owó àjọ mi ṣì wà níbẹ̀.